Wáyà Kan Láàárín Àpótí Méjì

Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń bójú tó ìwé ẹgbẹ́ bá ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka wa sọ ní Ọ̀wọ̀

  

Ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ awakọ̀ dìde, ó bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò rí èsì fún lójú ẹsẹ̀. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ pé gbogbo ìwé ẹgbẹ́ ti wà nínú àpótí kan ní ọ́fíìsì. Kí ló dé tí ẹ tún ń gba owó àpótí kejì lọ́wọ́ wa? Ẹ sì ti rà á, kí ló dé tí kíkó ohun tó wà nínú ti àkọ́kọ́ sínú èkejì fi gbà yín ní òru mẹ́ta, tí kò tún parí?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé n kò sùn dáadáa. Ìbéèrè òṣìṣẹ́ ni, owó òógùn rẹ̀ ló ń béèrè. Èsì rẹ̀ ni mo mú wá lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú àpótí ọ̀hún, torí mo gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ wa rò pé fídíò Ọjọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ nìkan ni a kó síbẹ̀. Fídíò wà níbẹ̀ lóòótọ́, òun ló sì gba àyè jù. Ṣùgbọ́n ohun tí a torí rẹ̀ ra àpótí ni ìwé: káàdì owó ẹgbẹ́, lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́, ìwé owó oṣù, àdéhùn tí ẹgbẹ́ bá àwọn agbanisíṣẹ́ fọwọ́ sí, àti àkọsílẹ̀ ìjàǹbá lẹ́nu iṣẹ́. A ti ya àwòrán wọn sínú kọ̀ǹpútà ní ojúewé kọ̀ọ̀kan. Ikán ti jẹ púpọ̀ nínú ojúlówó wọn, òjò sì ti pa ìyókù.

Ẹ̀yin tí orí yín ti funfun, ẹ mọ ohun tí ìwé jẹ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ilé iṣẹ́ láyé ọjọ́un, National Provident Fund tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1961 ni wọ́n ń yọ owó rẹ̀ sí. Òfin 1993 gbé iṣẹ́ yẹn fún NSITF. Ní 2004, òfin owó ìfẹ̀yìntì tuntun tún dé. Ní 2014 wọ́n tún òfin ọ̀hún kọ, tó fi jẹ́ pé, ó kéré tán, agbanisíṣẹ́ ń dá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá mẹ́jọ. Ní oríta kọ̀ọ̀kan tí owó náà ti yà, ohun kan náà ni wọ́n ń bi òṣìṣẹ́: ìwé rẹ dà? Òfin ẹ̀san ìjàǹbá ti 2010 náà ní kí òṣìṣẹ́ tó fara pa fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí ẹ bá sọ fún ọ̀gá lẹ́nu lásán, tí ọ̀gá bá ní òun kò gbọ́ ńkọ́?

Opó kan wà láàárín wa tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ti fara pa ti kógbá sílé, n kò ní dárúkọ òun náà. Nígbà tí wọ́n ní kí ìyá yìí mú ẹ̀rí wá pé ọkọ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà sùn lásìkò, ìwé kan ṣoṣo tó kù láyé nípa rẹ̀, inú àpótí wa ló wà. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde fún un ní ọwọ́ ara mi. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù bà mí. Mo wo àpótí dúdú kékeré yẹn lórí tábìlì, tí ó tóbi tó rédíò àtijọ́ kan, mo ní: bí eléyìí bá jóná lálẹ́ òní ńkọ́?

Àwọn kan sọ fún mi pé kí n má dààmú, pé háàdì díìsìkì méjì ló wà nínú rẹ̀, ohun tí a bá kọ sí ọ̀kan ló ń kọ sí èkejì. Òótọ́ ni. Bí díìsìkì kan bá kú, ìkejì á máa gbé ẹrù lọ títí a ó fi ra òmíràn. Ṣùgbọ́n bí àrá bá gba wáyà iná wọlé, bí olè bá gbé àpótí, bí ọwọ́ ẹnìkan bá ṣì tó pa fáìlì rẹ́, méjèèjì ló lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yin awakọ̀, ọkọ̀ tó ní táyà méjì méjì lẹ́yìn, ṣé ọkọ̀ méjì ni?

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú nǹkan báyìí ń dẹ́rù bà. Ní 1998, ní ilé iṣẹ́ Pixar ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sinimá Toy Story 2, àṣẹ kan tí ẹnìkan ṣì tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa iṣẹ́ náà rẹ́. Wọ́n sáré lọ síbi ẹ̀dà tí wọ́n ń ṣe pa mọ́, wọ́n bá a pé ẹ̀dà náà kò pé, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó yọ wọ́n ni pé òṣìṣẹ́ wọn kan, Galyn Susman, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ láti ilé, ẹ̀dà kan wà lórí kọ̀ǹpútà tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé kọ̀ǹpútà yẹn, wọ́n fi mọ́tò gbé e padà wá bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ìyá ọlọ́mọ ló gba ilé iṣẹ́ ńlá yẹn là. Bí agbanisíṣẹ́ kan bá tún ń bá àwọn obìnrin wa jiyàn lórí ìsinmi ìbímọ, ẹ fi ìyẹn sínú ẹjọ́ yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí òru mẹ́ta tí ẹ fi mí rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo jẹ̀bi, mo jẹ́wọ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká sáàárín àpótí méjèèjì. Mo ṣí àpótí àtijọ́ lójú rẹ̀, mo ṣí tuntun, mo wọ́ gbogbo fáìlì láti apá òsì sí apá ọ̀tún bí ẹni fa aṣọ. Lójú, ó dà bíi pé wọ́n ń ti inú àpótí kan bọ́ sínú èkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹrù náà ń kọ́kọ́ ti àpótí kìíní wá sórí kọ̀ǹpútà mi, kó tó tún ti ibẹ̀ lọ sí àpótí kejì. Ẹ wo sítọ̀ méjì tó fara kan ara wọn, tí ilẹ̀kùn wà láàárín wọn. Ẹ wá pe alábàárù kan tó dúró sí títì, kó máa gbé àpò kọ̀ọ̀kan jáde láti sítọ̀ kìíní dé títì, kó tún máa gbé e padà wọ sítọ̀ kejì. Alábàárù yẹn ni kọ̀ǹpútà mi. Ọ̀nà tó ń rìn sì ni Wi-Fi, afẹ́fẹ́ lásán. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá lè gbé mẹ́gábáìtì 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdajì ni ó kù fún wa, torí ẹrù kan náà ń gba ojú ọ̀nà kan náà ní àlọ àti àbọ̀.

Òru kìíní, mo lọ sùn, kọ̀ǹpútà náà lọ sùn. Òru kejì, mo ní kó má sùn. Iná ìjọba lọ, ráútà kú, iṣẹ́ dúró. Òru kẹta, mo tún bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà ń bi mí lórí fáìlì kọ̀ọ̀kan pé: eléyìí ti wà níbẹ̀, ṣé kí n kọ òmíràn lé e lórí? N kò mọ èyí tó pé àti èyí tó gé sí méjì. Mo pa á.

Ọ̀dọ́ kan nínú wa tó mọ iṣẹ́ yìí ló là mí lójú. Ó ní: "Bàbá, ẹ yọ alábàárù kúrò. Ẹ jẹ́ kí àwọn àpótí bá ara wọn sọ̀rọ̀." Àwọn àpótí yìí kì í ṣe àpótí lásán o, kọ̀ǹpútà kékeré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n ní ọpọlọ tiwọn. Ihò wáyà méjì ló wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. A fi ihò kan sí ráútà kí a lè máa pàṣẹ fún wọn. A fi wáyà kan ṣoṣo so ihò kejì ti àtijọ́ mọ́ ihò kejì ti tuntun, tààrà, láìsí ohunkóhun láàárín. Nígbà tí kò sí ráútà lójú ọ̀nà yẹn tí yóò pín nọ́ńbà fún wọn, a fún wọn ní nọ́ńbà fúnra wa: 192.168.50.1 fún ti àtijọ́, 192.168.50.2 fún tuntun. Bí ilé méjì tó kọjú síra lójú ọ̀nà kan tí kò ní ilé kẹta.

A bẹ̀rẹ̀, ó sì yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ díẹ̀. Díẹ̀ péré. Mẹ́gábáìtì 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹrù wa jẹ́ tẹ́rábáìtì mẹ́rin, ìyẹn mílíọ̀nù mẹ́rin mẹ́gábáìtì. Mo mú bírò, mo ṣírò rẹ̀: wákàtí 101, ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Mo ti fẹ́ gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí. Ọmọ náà wo iná kékeré tó wà lẹ́nu ihò wáyà, ó ní àwọ̀ rẹ̀ kò dára.

Ẹ̀yin onímọ̀ iná, ibí yìí ni tiyín. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní okùn bàbà tín-ínrín mẹ́jọ nínú, a lọ́ wọn pọ̀ ní méjì méjì. Iyára tí wọ́n ń pè ní gígábíìtì ń béèrè pé kí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pé. Bí ọ̀kan bá já, tàbí tí ẹni tó de ẹnu wáyà kò tì í wọlé dáadáa, àwọn àpótí kò ní pariwo. Wọ́n á kàn fẹnu kò láàárín ara wọn pé kí wọ́n fi okùn mẹ́rin ṣiṣẹ́, ní ìdá kan nínú mẹ́wàá iyára. Ẹ́ńjìnnì tí plọ́ọ̀gì rẹ̀ kan kò jó ni: ọkọ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó dé ẹsẹ̀ òkè. Wáyà tí a ń lò, lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ni mo ti fà á yọ. Tábìlì ti tẹ̀ ẹ́ fún ọdún mélòó kan. A ra tuntun. Iye rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán ènìyàn méjì, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ Akápò. Bí a ṣe kì í bọ ihò, iyára fò sókè sí mẹ́gábáìtì 110. Wákàtí 101 di bíi mẹ́wàá.

Ètò tí a fi kó ẹrù náà ń jẹ́ rsync. Andrew Tridgell àti Paul Mackerras ló kọ ọ́ ní Ọsirélíà, wọ́n gbé e síta ní 1996, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bíi ti akọ̀wé sítọ̀ tó gbọ́n. Kí ó tó gbé ohunkóhun, á kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́hùn-ún. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀ tàbí tó ti yàtọ̀ nìkan ni á gbé. Bí iná bá lọ láàárín, tí ó sì dé padà, tí a tún fún un ní àṣẹ kan náà, kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà kìíní, á fo ohun tó ti gbé, á sì bá ìyókù lọ. Ká ní mo mọ èyí ní òru kìíní!

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún un. Àṣẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ pé kí àpótí kejì bá ti kìíní dọ́gba pátápátá, kí ó sì pa ohun tó bá lé rẹ́. Bí ẹ bá yí orí àti ìdí padà, tí ẹ fi àpótí òfìfo ṣáájú, tí ẹ fi èyí tó kún ṣe ìkejì, á ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe: á mú èyí tó kún bá òfìfo dọ́gba. A kò lo àṣẹ yẹn rárá. Ìgbà àkọ́kọ́ náà, a ní kó ṣe àfarawé lásán, kó ka orúkọ ohun tí yóò gbé fún wa láì gbé ohunkóhun, àwa méjèèjì sì jọ kà á. Ẹ rántí pé àpótí tó ń ṣe àwòkọ ìkejì lójoojúmọ́ á ṣe àwòkọ àṣìṣe náà pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí èyí tó ń lọ sí Ifọ̀n kò fi ní máa pa ohunkóhun rẹ́ títí ìgbìmọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i.

Mo tún ṣe àṣìṣe kan sí i, kí ẹ lè rí i pé n kò fi nǹkan pamọ́. Mo pàṣẹ láti orí kọ̀ǹpútà alágbèéká, mo sì pa á dé. Iṣẹ́ dúró. Ẹrù kò gba orí kọ̀ǹpútà mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣẹ ṣì so mọ́ ọn. Fọ́máànù jáde, àwọn òṣìṣẹ́ sọ irinṣẹ́ kalẹ̀. A lọ kọ àṣẹ náà sínú ìwé iṣẹ́ àpótí fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tó kàn án bí mo bá lọ sílé. A sì gbé àpótí méjèèjì lé orí bátìrì kí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ má bàa pa wọ́n lójijì.

Wákàtí mẹ́wàá tí mo ṣírò di mẹ́rìndínlógún. Fídíò ńlá ń sáré, ṣùgbọ́n àwòrán ìwé kéékèèké fà á sẹ́yìn, torí lórí fáìlì kọ̀ọ̀kan, àpótí gbọ́dọ̀ ṣí i, kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kó tún tì í. Ẹni tó gbé àpò ẹ̀wà kan àti ẹni tó ń ka ẹ̀wà náà ní hóró kọ̀ọ̀kan kò lè jọ dé. Nígbà tó parí, a tún rán an padà kó ka àpótí méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó fi ohun tó wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan wéra, kì í ṣe orúkọ àti ìwọ̀n rẹ̀ nìkan. Fáìlì mẹ́tàlá kò bára mu. A tún wọn kó. Lẹ́yìn náà ni mo fọwọ́ ara mi ṣí ìwé ìyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nínú àpótí tuntun, mo kà á títí dé ibi tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí.

Akọ̀wé Ọ̀dọ́ bi mí pé kí ló dé tí a kò fi í ránṣẹ́ sí Ifọ̀n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ bá mi ṣírò. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù bá ń gbé mẹ́gábíìtì márùn-ún jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí kò sì já rárá, tẹ́rábáìtì mẹ́rin á gba ọjọ́ 74. Owó détà rẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù kẹsàn-án 2009, ilé iṣẹ́ kan ní South Africa tí íntánẹ́ẹ̀tì sú so káàdì gígábáìtì mẹ́rin mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹlé kan tó ń jẹ́ Winston. Ẹyẹlé fò ní bíi ọgọ́rin kìlómítà lọ sí apá Durban ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi tú káàdì náà kọ sórí kọ̀ǹpútà tán, íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì gbé ju ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ sì rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní etíkun Côte d'Ivoire, tí báńkì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì dákú ní Nàìjíríà.

Nítorí náà mọ́tò ni yóò gbé e, ẹ̀yin awakọ̀ sì lè yangàn. Ní 2016, Amazon ní Amẹ́ríkà gbé tírélà kan jáde tó ń fa kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ bàtà 45, háàdì díìsìkì ló kún inú rẹ̀, torí pé ẹrù àwọn oníbàárà wọn kan tóbi ju ohun tí wáyà lè gbé. Wọ́n dá a dúró ní 2024, ṣùgbọ́n wọ́n kì í ṣe òmùgọ̀. Lẹ́yìn tí àpótí wa bá ti dé Ifọ̀n, ohun tó bá yí padà lóṣooṣù nìkan ni rsync yóò máa fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Bí ó bá jẹ́ gígábáìtì méjì, kò ní gbà ju bíi wákàtí kan lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ọ̀nà tó gba Ifọ̀n kọjá lọ sí ilẹ̀ Ọ̀rà, níbi tí a ti bí Michael Imoudu ní 1902, ti di ọ̀nà tí à ń gbàdúrà kí a tó gùn ún. Ní oṣù kọkànlá 2020, ní Elegbeka, ni wọ́n ti yìnbọn pa Olúfọ̀n ti Ifọ̀n, Ọba Israel Adeusi. N kò ní fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni wéwu nítorí àpótí. Ojúmọmọ ni a ó rìn, láàárín àwọn ọkọ̀ mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá dá yín dúró tó ní kí ẹ gbé e wá, ẹ gbé e fún un. A ti ti ohun tó wà nínú rẹ̀ pa pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwọlé gígùn kan, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò ní rí ju pálapàla lọ. Ọ̀rọ̀ ìwọlé náà wà nínú àpòòwé méjì tí a lẹ̀ pa, ọ̀kan lọ́dọ̀ Alága, ọ̀kan lọ́dọ̀ Akápò. Àpótí àkọ́kọ́ kò ní kúrò níbí.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ni mo fẹ́ kí ọkọ̀ gbéra. A ó pa àpótí náà dáadáa kí a tó yọ wáyà rẹ̀, a ó fi tìmùtìmù wé e, a ó sì gbé e sórí ìjókòó, kì í ṣe sínú búùtù. Àwọn ará Ifọ̀n ti tún yàrá tó wà lókè ṣe, níbi tí òjò kò lè dé. Mo ń wá awakọ̀ tí kì í sáré wọ kòtò. Ọ̀rẹ́ mi tó bi mí ní ìbéèrè níjọ́sí, mo rí ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn. Ṣé ọkọ̀ rẹ wà ní ìmúrasílẹ̀?